Ohun tí Ó Ń Kó Bíréèkì Níjàánu

Ìfáárà

Àwọn baba wa ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kọ àròkọ lórí òwe yìí ní ilé-ìwé girama, tí a fi ọtí àmujù, ìnáwó àpà àti ọ̀rọ̀ àsọjù ṣe àpẹẹrẹ. N kò mọ ẹnikẹ́ni tí ó fi bíréèkì ọkọ̀ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Èmi náà kì bá tí ronú kàn án bí kò bá ṣe ohun tí ojú mi rí ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ó kọjá.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, ni mo ti lo ìsinmi náà. Ní àárọ̀, mo máa ń ka ìwé fún àpilẹ̀kọ mi. Ní ọ̀sán, mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé irin, mo sì máa ń bá wọn fọ nọ́ọ̀tì. Ní ọjọ́ kan, dirẹ́bà kan gbé ọkọ̀ Hiace akérò wá. Ìdí ọkọ̀ náà ga sókè, nítorí pé ó ti ní kí wọ́n fi ewé kún sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè máa gbé ẹrù dáadáa. Ẹjọ́ tí ó rò ni pé bí ọkọ̀ bá ti kún, bíréèkì ẹ̀yìn kì í mú tó. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n yẹ taya àti páìpù wò, wọn kò rí ibi tí òróró ti ń jò. Ohun tí wọ́n rí ni fáàfù kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so ó pọ̀ mọ́ irin gbọọrọ tí ó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Wọ́n ní òun ni ó ń dí òróró lọ́nà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n so páìpù tí ó wọ inú rẹ̀ àti èyí tí ó jáde níbẹ̀ pọ̀, wọ́n yọ afẹ́fẹ́ inú òróró, bíréèkì ẹ̀yìn sì mú ṣinṣin. Inú dirẹ́bà dùn. Èmi ni wọ́n gbé fáàfù náà fún pé kí n jù ú sí orí òkìtì irin àlòkù, mo sì jù ú síbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà padà wá. Òjò ti ń rọ̀, ọkọ̀ ṣófo, dirẹ́bà ń lọ sílé. Ewúrẹ́ kan já sí títì, ó tẹ bíréèkì, ìdí ọkọ̀ sì yí bírí wá síwájú. Ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ fi lu igi. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n apá ọmọ ọkọ̀ dá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Àbúrò ìyá mi wo ọkọ̀ náà títí, ó ní, "Bíréèkì yìí mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ni ó wá ṣe é?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì wa. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu rẹ̀, nínú ìwé àti lábẹ́ ọkọ̀ ni mo fẹ́ yànnàná níhìn-ín fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Kókó rẹ̀ kò pọ̀. Bíréèkì tí ó mú jù ní ibi tí kò yẹ kì í ṣe bíréèkì gidi, fáàfù kékeré tí a jù nù yẹn ni ó sì ń mọ ìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí n ó lò

Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ tí bíréèkì ń ṣe. Ìjánu ni ohun tí a ń fi sí ẹṣin lẹ́nu kí ó má baà sáré kọjá bí ẹni tí ó gùn ún ṣe fẹ́. Láti ibẹ̀ ni a ti ń sọ fún ènìyàn pé kí ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Àwọn kan ń pe bíréèkì ọkọ̀ náà ní ìjánu, ṣùgbọ́n bíréèkì ni àwọn tí ó ń tún un ṣe máa ń wí, òun náà ni n ó sì máa lò. Bí wọ́n ṣe ń pe fáàfù, másítà, písítìnì àti sípíríǹgì ni n ó ṣe pè wọ́n. Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń pe taya àti ohun tí ó gbé e dúró. N ó bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ní láti fún ní ìtumọ̀ tèmi. Ibi tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìbú, tí ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní òòró, ni n ó máa pè ní ojú kan. Bí a bá tẹ nǹkan, agbára tí ó bọ́ sórí ojú kan ṣoṣo ni n ó máa pè ní ìtẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ní ìtẹ̀ jẹ́ 25, ohun tí mo ń sọ ni pé agbára tí ó tó ìwúwo kílógíráàmù 25 wà lórí ojú kọ̀ọ̀kan.

Bí òróró ṣe ń gbé agbára ẹsẹ̀

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láti 1623 sí 1662, ni a máa ń fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tí bíréèkì olóròóró dúró lé. Òfin náà ni pé bí a bá tẹ omi tàbí òróró tí a sé mọ́ inú nǹkan, ìtẹ̀ náà yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ fún omi inú ọ̀rá tí ó lu ní ibi mẹ́ta ti rí òfin yìí rí. Ibì kan ni ọwọ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni omi ń gbà tú jáde. Ní 1921 ni ilé-iṣẹ́ Duesenberg ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí ó ní irú bíréèkì yìí ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré tẹ̀ lé agbára náà láti ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ká ní awakọ̀ fi agbára kílógíráàmù 20 tẹ bíréèkì. Irin tí ó ń tẹ̀ gùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀pá tí a fi ń wú òkúta: ó sọ agbára náà di ìlọ́po márùn-ún, ìyẹn 100. Agbára 100 yìí bọ́ sórí písítìnì inú másítà. Bí písítìnì náà bá jẹ́ ojú mẹ́rin, ìtẹ̀ inú òróró yóò jẹ́ 25. Òróró gbé ìtẹ̀ 25 yìí gba inú páìpù lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Bí písítìnì tí ó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ojú ogún, agbára tí yóò fi fún dísìkì mọ́ra jẹ́ 500. Báyìí ni kílógíráàmù 20 ṣe di 500 láìsí ẹ́ńjìnnì kankan tí ó dá sí i.

Òróró ni ó lè ṣe èyí nítorí pé kò ṣe é fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi máa ń yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn máa rì wọlẹ̀ ni, bíréèkì kò sì ní mú.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: òróró kì í ṣe ojúsàájú. Bí 25 bá dé iwájú, 25 náà ni yóò dé ẹ̀yìn, àfi bí nǹkan bá dá a dúró lọ́nà. Níbí ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀yìn kò fi gbọdọ̀ gbà tó iwájú

Ẹni tí ó ru igbá, tí ó sì dúró lójijì, mọ̀ pé iwájú ni igbá máa ń fẹ́ lọ. Èrò inú ọkọ̀ náà mọ̀ ọ́n: bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, gbogbo wa a tẹ̀ síwájú. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí wa. Imú rẹ̀ a wálẹ̀, ìdí rẹ̀ a gbé sókè, ìwúwo tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbé a sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú.

Báwo ni ó ṣe pọ̀ tó? Ká ní ọkọ̀ kan wúwo tó kílógíráàmù 1,200, tí iwájú gbé 600, tí ẹ̀yìn náà gbé 600. Ká ní àárín ìwúwo rẹ̀ ga tó ìdajì mítà sí ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì jìnnà síra tó mítà 2.5. Bí bíréèkì bá mú gan-an lórí títì gbígbẹ, agbára tí ó ń dá ọkọ̀ náà dúró lè tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀, ìyẹn 960. A ó sọ 960 di ìlọ́po 0.5, a ó sì fi 2.5 pín in. Ìdáhùn rẹ̀ ni 192. Ohun tí ó kúrò ní ẹ̀yìn lọ sí iwájú nìyẹn. Iwájú ti di 792, ẹ̀yìn ti di 408. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ẹ̀yìn.

Bí ìwúwo tí ó wà lórí taya bá ti pọ̀ tó ni taya náà ṣe lè di ilẹ̀ mú tó. Nítorí náà, bí a bá fún ẹ̀yìn ní bíréèkì kan náà pẹ̀lú iwájú ní àkókò tí ó fúyẹ́ báyìí, yóò há: taya kò ní yí mọ́, yóò máa yọ̀ lórí títì ni.

Ẹnìkan lè sọ pé, bí ó bá há ńkọ́, ṣebí a fẹ́ kí ọkọ̀ dúró ni? Taya tí ó ń yí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń di ilẹ̀ mú kí ọkọ̀ má fì sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ti há, ibi yòówù tí ìtì bá darí rẹ̀ sí ni yóò gbà. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá há, ọkọ̀ yóò máa lọ tààrà, awakọ̀ kò sì ní lè darí rẹ̀. Kò dára, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, agbára ìdarí yóò padà. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tí ó ń ti ọmọlanke láti ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ tí ó ń yọ̀. Iwájú ti ń dúró, ẹ̀yìn ṣì ń sáré bọ̀, kò sì sí ohun tí ó dì í mú sí ojú ọ̀nà. Bí ó bá ti yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yíyẹ̀ náà yóò máa pọ̀ sí i ni, títí ìdí ọkọ̀ yóò fi wá síwájú. Lórí títì tútù, kò gba àkókò rárá. Òfin tí àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ni pé bí taya kankan yóò bá há, kí ti ẹ̀yìn má ṣe ṣáájú ti iwájú.

Inú fáàfù náà

Fáàfù tí ó ń dín ìtẹ̀ ẹ̀yìn kù kò tóbi. Òróró ń wọ inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ másítà ní apá kan, ó sì ń jáde lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní apá kejì. Písítìnì kan wà láàárín tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba: èyí tí ó kọjú sí másítà kéré, èyí tí ó kọjú sí ẹ̀yìn tóbi. Sípíríǹgì kan sì wà tí ó ń ti písítìnì náà kí ọ̀nà lè wà ní ṣíṣí.

Ìjàkadì ni ó wà nínú ihò kékeré yìí. Òróró láti másítà ń ti ojú kékeré, sípíríǹgì ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Òróró tí ó ti kọjá sí ẹ̀yìn ń ti ojú ńlá padà. Òun fẹ́ kí ọ̀nà tì. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀kùn, tí abọ́dìńlá kan sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kí ìṣirò lè rọrùn, ká ní ojú kékeré jẹ́ ojú kan, kí ojú ńlá jẹ́ ojú mẹ́ta, kí agbára sípíríǹgì sì jẹ́ 60. Bí ìtẹ̀ bá jẹ́ 10, àwọn tí ó fẹ́ ṣí ní 10 àti 60, ìyẹn 70. Ẹni tí ó fẹ́ tì ní 10 lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn 30. Ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Bí ìtẹ̀ bá di 20, ó di 80 sí 60. Ọ̀nà ṣì wà ní ṣíṣí. Bí ó bá di 30, ó di 90 sí 90. Wọ́n dọ́gba. Bí awakọ̀ bá tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ojú ńlá borí, ọ̀nà sì tì.

Ṣùgbọ́n kì í tì pa. Bí ìtẹ̀ másítà bá tún lọ sókè, àwọn tí ó fẹ́ ṣí yóò rí agbára kún agbára, ọ̀nà yóò là díẹ̀, òróró díẹ̀ yóò kọjá, ojú ńlá yóò sì tún tì í. Báyìí ni wọn yóò máa ṣe é. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó bá lé ní 30 ni yóò máa kọjá sí ẹ̀yìn. Bí másítà bá jẹ́ 45, ẹ̀yìn yóò gba 35. Bí ó bá jẹ́ 60, ẹ̀yìn yóò gba 40. Bí ó bá jẹ́ 90, ẹ̀yìn yóò gba 50. Iwájú ń gba gbogbo tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ ó rí i pé bí awakọ̀ bá rọra tẹ bíréèkì, fáàfù yìí kò dá sí i. Ìgbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́ gidi, tí ìwúwo ń sá lọ síwájú, ni fáàfù wá ń sọ fún ẹ̀yìn pé, ó tó báyìí. Ohun tí ó ń kó bíréèkì níjàánu nìyẹn, ìjánu tí a fi sí ìjánu lẹ́nu.

Fáàfù tí ó ń wo ẹrù

Àlàyé òkè yìí tó fún ọkọ̀ tí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀. Ti Hiace àti Hilux yàtọ̀. Bí wọ́n bá ṣófo, ìdí wọn fúyẹ́, ìtẹ̀ díẹ̀ ti tó láti há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí èrò bá kún wọn, ìdí wúwo, taya ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú dáadáa, ó sì yẹ kí ẹ̀yìn gba bíréèkì púpọ̀ sí i. Bí a bá ṣe fáàfù fún òfìfo, ẹ̀yìn yóò máa ṣe ọ̀lẹ nígbà tí ẹrù bá wà. Bí a bá ṣe é fún ẹrù, ọkọ̀ yóò yí bírí nígbà tí ó bá ṣófo.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe fáàfù tí ó ń wo ẹrù, èyí tí ìwé Toyota ń pè ní LSPV. Wọ́n dè é mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá àti sípíríǹgì kan so ó pọ̀ mọ́ irin tí ó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá wọlé, sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ a tẹ̀, ara ọkọ̀ a sún mọ́ irin náà, ọ̀pá a sì ti písítìnì fáàfù le sí i. Ká ní 60 tí a lò lókè di 120 nítorí ẹrù. Ìtẹ̀ yóò ní láti dé 60 kí fáàfù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Bí ẹrù bá sọ̀kalẹ̀, ara ọkọ̀ a gbé sókè, ọ̀pá a dẹ̀, ohun gbogbo a sì padà sí 30. Kò sí ẹni tí ó ń sọ fún un. Jíjìnnà tí ara ọkọ̀ jìnnà sí irin ẹ̀yìn ni ó fi ń mọ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àbúrò ìyá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fi igi ya fáàfù náà sórí ilẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì yí wa ká. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó wá ní, "Akọ̀wé, o ní bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ pé ẹrù wà. Bí wọ́n bá fi ewé méjì kún sípíríǹgì, tí ẹrù kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ńkọ́?"

N kò ní ìdáhùn. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè." Nígbà tí mo bi ọ̀rẹ́ mi, òun náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò ronú lọ síbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Bí sípíríǹgì bá le jù, ìdí ọkọ̀ yóò ga ní gbogbo ìgbà. Fáàfù yóò máa rò pé ọkọ̀ ṣófo bí ó tilẹ̀ kún dé ẹnu. Yóò dín bíréèkì ẹ̀yìn kù ní ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù, ẹsẹ̀ iwájú nìkan yóò sì máa jìyà.

Ẹ rántí ẹjọ́ tí dirẹ́bà rò: bí ọkọ̀ bá ti kún, bíréèkì ẹ̀yìn kì í mú tó. Fáàfù náà kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí ó rí ni ó ń sọ. Àwa ni a gbé ìdí ọkọ̀ sókè, tí a tún wá fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ fáàfù.

Àwọn ẹbí rẹ̀

Fáàfù mìíràn wà tí ó bá èyí tan, n ó sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kan wọ́n. Nínú ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ń lo dísìkì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń lo dúrọ́ọ̀mù, òróró ní láti borí àwọn sípíríǹgì tí ó ń fa ṣúù bíréèkì sẹ́yìn kí ṣúù tó lè kan dúrọ́ọ̀mù. Páàdì iwájú kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀, nítorí náà iwájú lè ṣáájú ẹ̀yìn mú. Àwọn kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní fáàfù tí ó ń dá òróró iwájú dúró díẹ̀, kí ẹ̀yìn lè bá a.

Èkejì kì í dín ìtẹ̀ kù, iṣẹ́ amí ni ó ń ṣe. Ọkọ̀ òde òní ní ọ̀nà òróró méjì, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá jò. Písítìnì kékeré kan wà láàárín ọ̀nà méjèèjì tí ìtẹ̀ ń tì láti ọ̀tún àti láti òsì. Bí wọ́n bá dọ́gba, ó wà láàárín. Bí apá kan bá jò, apá kejì a tì í lọ síbẹ̀, a sì tan iná pupa níwájú awakọ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń kó gbogbo wọn sínú irin kan ṣoṣo.

Ní 1978, Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí ó ní ABS tí Bosch ṣe, èyí tí ó ń fi ẹ̀rọ mọ̀ bóyá taya kan fẹ́ há, tí ó sì ń dẹ ìtẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà yìí kan náà ti gba iṣẹ́ fáàfù ẹ̀yìn ṣe. Iṣẹ́ náà kò parẹ́. Ẹni tí ó ń ṣe é ni ó yí padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń gbé wa káàkiri ni ó sì ṣì ní fáàfù onírin lábẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Bí ọ̀pá fáàfù bá dípẹtà tí kò lè yí mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u fọ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ewé kún sípíríǹgì tàbí tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún ọ̀pá náà tò gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ṣe wí, kì í ṣe bí ojú bá ṣe rí i. Bí bíréèkì ẹ̀yìn kò bá mú, kí wọ́n yẹ ṣúù, sílíńdà àti gíga ìdí ọkọ̀ wò kí wọ́n tó dá fáàfù lẹ́bi. Kí ẹnikẹ́ni má sì so páìpù méjèèjì pọ̀. Bíréèkì tí a ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mú dáadáa lójú oníbàárà ní ọjọ́ tí ó wá gbé ọkọ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí a ti ń sáré díẹ̀. Ọjọ́ òjò ni yóò tú àṣírí.

Ìkádìí

Ẹnìkan lè béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá lábẹ́ ọkọ̀. Ìdáhùn mi ni pé àbúrò ìyá mi ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í ṣe aláìbìkítà. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé fáàfù tí òun ti yọ bẹ́ẹ̀ kò níye, nítorí pé ọ̀gá tí ó kọ́ òun níṣẹ́ náà ń yọ ọ́. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń tú u. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ó wà fún. Èdè tí àlàyé náà wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èdè tí ó fi ń ronú.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú èdè Yorùbá. Àwọn olùkọ́ wa ti ṣe èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Kí ni ó dé tí a kò fi lè ṣe ti abẹ́ ọkọ̀? Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí mo sì ń kọ́ ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó tú ìdí ọ̀ràn. Ohun tí a bá fi èdè wa gbọ́, a lè bi í léèrè. Ohun tí a kò bá gbọ́, yíyọ ni a máa ń yọ ọ́ dànù.

Mo padà lọ sídìí òkìtì irin láti wá fáàfù náà. N kò rí i. Àwọn tí ó ń ra irin àlòkù ti kó o lọ. Àbúrò ìyá mi wá tuntun, ó fi owó ara rẹ̀ rà á, ó sì dín ewé sípíríǹgì náà kù kí ó tó dè é mọ́ ọkọ̀. Apá ọmọ ọkọ̀ ti jiná, ṣùgbọ́n kò tíì lè nà án gbọọrọ.